Àtẹ Kọ́ Ni Àká

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìwé orúkọ bá ẹ̀ka wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ náà.)

A mọ̀ pé láti ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá tààrà, ebi sì ń pa yín. A kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. A fẹ́ san owó ìdágbére fún àwọn tó ń fẹ̀yìn tì. A ṣí ojú ìwé ẹgbẹ́ lórí ẹ̀rọ, a sì ń ka orúkọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa kan dìde, ìyá tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń sọ̀rọ̀ yìí tó gba iṣẹ́. Wọn kò gbọ́ orúkọ wọn. Ni ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa bá dáhùn pé, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò san nìyẹn." Ìyá kò bá a jiyàn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n fa ìdì pépà owó oṣù yọ, èyí tí wọ́n fi rọ́bà dè. Èyí tó wà lókè pátá jẹ́ ti 1991. Lórí gbogbo wọn ni owó ẹgbẹ́ tí wọ́n yọ wà. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun lónìí, a fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà ní gbangba, nítorí pé gbangba náà ni a ti dójú tì wọ́n. Ìyá, ẹ má bínú sí wa.

Ẹ̀rọ kò purọ́ lóòótọ́. Ìbéèrè tí a bi í ló dáhùn. Àwa la kò mọ ohun tí a bi í. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí gbogbo wa mọ bó ṣe rí, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ mú.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọjà kọjá. Ìyá tó ń ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ kì í kó gbogbo àpò inú ìsọ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó bá wù ú ló ń bù sórí àtẹ. Ẹni tó ń kọjá lọ tí kò rí èlùbọ́ lórí àtẹ kò lè búra pé kò sí èlùbọ́ nínú ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù yín, ibi tí orúkọ wà ní ìlà ìlà, tí owó wà ní òpó tirẹ̀. Àtẹ ni. Ibi tí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní détábéèsì. Àwa yóò máa pè é ní àká. Àká ẹgbẹ́ wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní MySQL, tí àwọn kan dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden ní 1995. Ètò ìlà àti òpó tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: Edgar Codd, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1970.

Láàárín àká àti àtẹ, ìránṣẹ́ kan wà. Ìwé iṣẹ́ kan ni, tí a kọ ní èdè PHP. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé awo ni o. Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí ní Greenland, ló kọ́kọ́ ṣe é fún ìlò ara rẹ̀, kí ó lè mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1995 ló fi í síta fún gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ ló nílò irinṣẹ́, ó sì rọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ojú ìwé ẹgbẹ́. Fóònù yín ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Orí sáfà yìí ni ìwé iṣẹ́ náà ń gbé. Yóò kan ilẹ̀kùn àká, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, yóò sì bi ìbéèrè tí a kọ fún un. Àká yóò kó èsì lé e lọ́wọ́. Yóò wá mú èsì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò máa fi àmì HTML dì í: table ni àmì tó ń tẹ́ àtẹ, tr ló ń la ìlà, td ni àyè kọ̀ọ̀kan nínú ìlà. Bí ó bá ti di ìlà kan tán, yóò padà lọ mú òmíràn, títí ìlà yóò fi tán. Ìgbà náà ni sáfà yóò fi odidi àtẹ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orí sáfà ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti parí. Oúnjẹ tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti bù sáwo, ló dé ọwọ́ yín. Ẹ kò rí ìkòkò, ẹ kò sì lè mọ ohun tí wọ́n ṣà kúrò. Kódà bí ọmọ yín tó gbọ́n bá ṣí abẹ́ ojú ìwé náà wò, àmì HTML nìkan ni yóò rí. PHP kò tẹ̀lé e wá, ìbéèrè kò tẹ̀lé e wá. Èyí dára fún ààbò, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó sílé kò ní ọ̀nà kankan láti mọ ohun tí wọ́n bi àká lórúkọ rẹ̀.

Lẹ́jà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́jà wa àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ọdún tí wọ́n to àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà pọ̀ di 42. Nínú rẹ̀, bí ẹnì kan kò bá san, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àyè owó ló ṣófo. Gbogbo ojú ló ń rí àyè tó ṣófo náà, akọ̀wé yóò sì béèrè ohun tó fà á. Lórí àtẹ ẹ̀rọ, ìlà tó sọnù kì í fi àyè sílẹ̀. Àwọn ìlà yòókù á sún mọ́ra, àtẹ á dán, á gún régé, kò sì sí ẹni tí yóò fura.

Ìbéèrè tó wà nínú ìwé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ náà nìyí. Èdè SQL ni:

SELECT m.oruko, m.eka, SUM(o.iye)
FROM omo_egbe m
INNER JOIN owo_egbe o ON o.nomba = m.nomba
GROUP BY m.nomba, m.oruko, m.eka
ORDER BY m.oruko;

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé: ṣa orúkọ, ẹ̀ka iṣẹ́ àti àpapọ̀ owó wá fún wa. Ìlà tó kẹ́yìn ń sọ pé kí wọ́n to orúkọ bí a ti ń to álífábẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ń kó owó ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan. Kò sí wàhálà nínú ìwọ̀nyí. Ìlà kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ìyá wa ti já bọ́.

Ìwé méjì ló wà nínú àká. Ọ̀kan ni ìwé orúkọ, omo_egbe, èyí tí àwa fúnra wa dà kọ láti inú lẹ́jà. Èkejì ni ìwé owó, owo_egbe, èyí tí ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù ń fi ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù. Nọ́ńbà iṣẹ́ ló so méjèèjì pọ̀. INNER JOIN ń pàṣẹ pé: mú ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu nínú ìwé méjèèjì jáde, ẹni tí tirẹ̀ kò bá bára mu, má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Nọ́ńbà ìyá wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ká ní 0417 ni. (Nọ́ńbà wọn gan-an kọ́ nìyẹn o, a kì í gbé nọ́ńbà ẹni sójú ìwé ìròyìn.) Nínú lẹ́jà, 0417 ni, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ. Ṣùgbọ́n fáìlì owó ti gba inú Excel kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Excel rò pé iye ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka iṣu, ó sì gé òdo iwájú dànù. Ó ku 417. Lójú yín àti lójú wa, ẹni kan náà ni. Ṣùgbọ́n àká wa kọ nọ́ńbà iṣẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe bí iye, àti pé bí ọ̀rọ̀, 0417 àti 417 kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Wọn kò bára mu. Ìlà kẹta ní kí wọ́n má dárúkọ wọn, wọn kò sì dárúkọ wọn.

Ẹ wá wo àwọn tó bọ́ sínú kòtò yìí. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo ni. Ta ni wọ́n? Àwọn tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni. Àwọn gan-an tí owó ìdágbére kàn! Àwọn ọ̀dọ́ tí nọ́ńbà wọn gùn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 tàbí 2, kò sí èyí tó sọnù nínú wọn. Ìdí nìyí tí a fi lo ojú ìwé náà fún oṣù mélòó kan láìsí ẹni tó pariwo. Ọ̀dọ́ ló ń wo fóònù, ọ̀dọ́ sì ń rí orúkọ ara rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́ ẹnu nípa Akápò. Ẹ jẹ́ kí a fi òpin sí i níhìn-ín. Akápò kò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Owó ìyá wa wọ báńkì ẹgbẹ́ lóṣooṣù, a ti yẹ ìwé báńkì wò. Òdo kan ló sọnù, àwa ìgbìmọ̀ ni a kò sì wá a.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ kan la yí padà: INNER di LEFT. LEFT JOIN ń sọ pé kí gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé orúkọ jáde, yálà owó bára mu tàbí kò bára mu. Ẹni tí a kò bá rí owó rẹ̀, àyè rẹ̀ yóò ṣófo. NULL ni àwọn onímọ̀ ń pe àyè bẹ́ẹ̀, NULL kì í sì í ṣe òdo. Òdo túmọ̀ sí pé a wò ó, a sì rí i pé kò san. NULL túmọ̀ sí pé a kò rí àkọsílẹ̀ kankan. Nínú ìgbìmọ̀ wa, a jiyàn lé èyí lórí di alẹ́. Àwọn kan ní kí a jẹ́ kí ìwé iṣẹ́ kọ "Kò san" síbi tó bá ṣófo, pé ó yára kà. A kọ̀. Ohun tí yóò máa kọ síbẹ̀ báyìí ni "Ẹ wá rí wa."

Ṣùgbọ́n LEFT JOIN kò tó. Ó mú orúkọ tí kò ní owó jáde. Kò lè mú owó tí kò ní orúkọ jáde. Nígbà tí a yí ìbéèrè náà sódì, tí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé owó, a rí owó tí wọ́n yọ lórí owó oṣù àwọn kan tí nọ́ńbà wọn kò sí nínú ìwé orúkọ wa rárá. Òdo ló fa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ ti àwọn tí wọ́n gbé láti ẹ̀ka míràn wá tí a kò tíì kọ orúkọ wọn. Ìyókù, a kò tíì mọ olówó. A ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó oṣù, a kò tíì rí èsì.

A tún fẹ́ mẹ́nu kan orúkọ tó ń jáde pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Bàbá kan bi wá pé ta ló fún òun ní orúkọ tuntun. Adébọ́lá ni bàbá, ẹ̀rọ kọ Adéb??lá. Ẹni tó kọ́kọ́ dá àká wa sílẹ̀ kò yan irú lẹ́tà tí àká yóò máa gbà, MySQL ayé ìgbà náà sì máa ń lo ètò lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní latin1, tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ó mọ é, ó mọ á, nítorí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Spain ń lò wọ́n. Kò mọ ọ, kò mọ ẹ, kò mọ ṣ. Láti ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní 2018 ni MySQL ti ń fúnra rẹ̀ lo utf8mb4, tó gba gbogbo lẹ́tà wa. A ti gbé àká wa sórí èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ti di àmì ìbéèrè nínú àká ti lọ pátápátá, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́jà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé ẹnì kan dábàá lọ́dún tó kọjá pé kí a dáná sun lẹ́jà kí kọ́bọ́ọ̀dù lè láyè. Ọpẹ́lọpẹ́ Akọ̀wé tó ní òun kò ní ìṣáná.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọmọ wa kan fi ohun kan hàn wá lórí ojú ìwé náà tó mú ara wa bù máṣọ. Nígbà tí ó ṣí àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ hàn nínú àdírẹ́sì lókè. Ó pa òǹkà tó kẹ́yìn rẹ́, ó fi òmíràn sí i, àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìwé iṣẹ́ wa ń béèrè nọ́ńbà, kò béèrè ẹni tó ń béèrè. A ti yí i padà: sáfà yóò kọ́kọ́ wo ẹni tó wọlé, nọ́ńbà ẹni náà nìkan ni yóò sì gbé lọ bá àká.

Àpótí ìwákiri náà wà níbẹ̀. Bí ìwé iṣẹ́ bá kàn ń mú ohun tí ènìyàn tẹ̀, tí ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìbéèrè, ẹni burúkú lè tẹ àṣẹ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ní kí ó máa ṣe ohun tí aládùúgbò bá kọ sórí pépà. Aládùúgbò kọ ọ́ pé, "Iyọ̀, kí o sì kó kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀gá rẹ wá." Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ ọjà àti àṣẹ yóò kó kọ́kọ́rọ́ náà fún un. Láti 1998 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa irú olè yìí ní gbangba, síbẹ̀ ó ṣì ń jà. Ohun tí a ṣe ni pé a to ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú, a sì fi àyè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ sínú àyè náà, orúkọ tí a ń wá ni àká yóò kà á sí, kò ní í ka ìkankan sí àṣẹ. PDO, irinṣẹ́ tó wà nínú PHP, ló ń bá wa ṣe èyí.

Àmì ìràwọ̀ kan sì tún wà nínú SQL: SELECT *, èyí tó túmọ̀ sí kó gbogbo rẹ̀ wá. Ọ̀lẹ ló ń lò ó, àwa náà sì ti ṣe ọ̀lẹ rí. Nọ́ńbà báńkì yín wà nínú àká, nọ́ńbà fóònù yín wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó gba owó yín bí ikú bá dé wà níbẹ̀. Kí ni ó yẹ kí ìyẹn máa ṣe lórí àtẹ? Òfin Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ẹni kò fi àyè sílẹ̀ fún irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀. Orúkọ, ẹ̀ka àti owó nìkan la ń ṣà wá báyìí.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí nìyí. Kí a máa lẹ ìbéèrè tí a bi àká mọ́ pátákó ìkéde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ orúkọ, pẹ̀lú àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ìsàlẹ̀ àtẹ máa sọ iye orúkọ tó wà nínú ìwé orúkọ àti iye tó jáde sórí àtẹ, àti àpapọ̀ owó tó jáde pẹ̀lú iye tó wọ báńkì. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí ẹ pariwo kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí yóò máa bá wa kà á, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àgbà tó ti lo lẹ́jà rí. Kí lẹ́jà má kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù Akọ̀wé.

Owó ìyá wa ti jáde, wọ́n ti gbà á, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí òdo wọn ṣì ń dàgbére. Bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò máa jókòó nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹ mú pépà owó oṣù yín wá, iye tí ẹ bá lè rí, bó ti wù kó ti pẹ́ tó. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí ó sì ti padà sí abúlé, ẹ bá wa ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí nọ́ńbà yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, ẹ kọ́kọ́ wá.